Norman Lewis ńkọ́?

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ èyí jáde, torí inú ń bí mi. Sátidé tó kọjá ni mo mú ọmọ mi obìnrin lọ wo àwòrán ní mùsíọ́mù kan níbí ní New York. Ẹni tó ń mú wa káàkiri ò mẹ́nu kúrò lára Pollock, Rothko àti de Kooning, àwọn ayàwòrán tó sábà máa ń fi ọ̀dà lásán sọ̀rọ̀ láìya igi tàbí èèyàn. (Àwọn kan á ní ọ̀dà dídà sílẹ̀ nìyẹn, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.) Ọmọ mi nawọ́ sókè: "Ṣé kò sí èèyàn dúdú kankan nínú wọn ni?" Ọ̀gbẹ́ni yìí wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Kò fi bẹ́ẹ̀ sí."

Kò fi bẹ́ẹ̀ sí kẹ̀? Norman Lewis, ayàwòrán dúdú tí wọ́n bí ní Harlem, níbí ní New York, ní 1909 ńkọ́? Nígbà tí àwọn ayàwòrán irú èyí fi ọjọ́ mẹ́ta ṣèpàdé ní Studio 35, ibi tí àwọn ayàwòrán ti ń pàdé ní New York, ní 1950, ó jókòó láàárín wọn. Ìwé ìròyìn Life wá gbé fọ́tò ayàwòrán irú bẹ́ẹ̀ 15 jáde ní January 1951, kò sí i níbẹ̀. Fọ́tò yẹn ni wọ́n ṣì fi ń ka orúkọ àwọn ayàwòrán yìí títí dòní! Bẹ́ẹ̀ ní 1955, ní àfihàn àwòrán Carnegie ní Pittsburgh, àwọn òǹwòran fúnra wọn ló dìbò fún "Migrating Birds" rẹ̀ tó fi gba ẹ̀bùn.

Ẹ lọ wo "American Totem" tó yà ní 1960. Dúdú ni gbogbo rẹ̀, ohun funfun kan wá dúró gbọnrangandan láàárín, ó ṣe ṣóńṣó lókè bí ìbòrí àwọn Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ aláwọ̀ funfun tó ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn dúdú, tó sì ń pa wọ́n. Ẹ sún mọ́ ọn: ìbòjú àti agbárí kéékèèké ló kúnnú funfun náà. Kò fi bẹ́ẹ̀ sí kẹ̀?

Àwọn ọ̀gá tó jókòó sí ọ́fíìsì ló ń ṣe èyí. Ohun tí mo fẹ́ ò le: kí wọ́n gbé Lewis kọ́ ẹ̀gbẹ́ Pollock gan-an, lórí ògiri kan náà, láti January dé December, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn 1955 yẹn sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà. Kí wọ́n yé gbé e jáde ní February, oṣù ìtàn àwọn èèyàn dúdú níbí, nìkan, kí oṣù tó parí kí wọ́n ti dá a padà sí yàrá ìkẹ́rùsí. Kí àwọn tó ń mú èèyàn káàkiri náà kàwé díẹ̀ sí i.

Nínú ọkọ̀ ojú irin tí a wọ̀ padà sílé, ọmọ mi fi báírò kọ "Norman Lewis" sẹ́yìn máàpù tí wọ́n fún wa. Sátidé tó ń bọ̀, a ó mú un padà lọ fún ọ̀gbẹ́ni yẹn.

Òǹkàwé yín,
Brooklyn, New York