Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi tó ní ọmọbìnrin òun kò ní wọ ọkọ̀ òkun

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìyàwó yín ló pè mí láti Àdátán pé ọ̀rọ̀ ọmọ yín ti di ariwo nínú ilé, pé ẹ ní bó bá fi lè mú fọ́ọ̀mù Maritime Academy ti Oron, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ òkun, wọlé, kó má pe ẹ̀yin ní bàbá mọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé lórí fóònù, ẹ kì í jẹ́ kí àbúrò sọ̀rọ̀ parí. Mo sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ sí gbangba, torí pé ẹ̀yin nìkan kọ́ ni bàbá tó ń sọ irú rẹ̀ ní Abẹ́òkúta yìí.

Ẹ ní omi ò mọ ọmọ ọlọ́mọ. Òótọ́ ni. Títì Èkó sí Ìbàdàn náà ò mọ ọmọ ọlọ́mọ, ẹ sì ń gbà á lọ síbi òkú àti ìgbéyàwó. Ẹ tún ní ọkọ̀ òkun kì í ṣe ibi obìnrin. Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá, tí ẹ mọ̀ pé Yemọja ni àwọn baba wa ní ó ni Odò Ògùn! (Díákónì ni yín, mi ò ní kí ẹ lọ bọ ọ́ o. Mo kàn ń sọ pé àwọn tó ṣáájú wa ò rò pé omi kórìíra obìnrin.)

Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń ṣe clearing ní Àpápá, tí mò ń bá àwọn èèyàn gba ẹrù jáde ní èbúté, kí n tó padà wálé wá máa ta àdìrẹ ní Ìtòkú, àwọn obìnrin tí mo rí lára òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kò pọ̀. Wọn ò pọ̀ níbikíbi láyé. Ìwádìí tí BIMCO àti International Chamber of Shipping, ẹgbẹ́ àwọn olówó ọkọ̀ lágbàáyé, gbé jáde ní 2021 ka obìnrin 24,059 láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òkun gbogbo àgbáyé, kò tó méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdajì lé sí iye tí wọ́n kà ní 2015.

Àwọn díẹ̀ yìí ń ṣe bẹbẹ. Ní oṣù kẹfà 2015, ìjì gbé ọkọ̀ apẹja kan lọ lójú òkun Bẹ́ńgálì, apẹja méje ló wà nínú rẹ̀. Radhika Menon, obìnrin ará Íńdíà, ló jẹ́ kápútẹ́nì ọkọ̀ epo tó kọjá níbẹ̀. Ìgbì ga ju ilé alájà méjì lọ. Ó darí ọkọ̀ tirẹ̀ lọ bá wọn, ó sì kó àwọn méjèèje yọ. IMO, àjọ UN tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun, fún un ní àmì ẹ̀yẹ ìgboyà ní 2016. Àwọn ẹbí apẹja wọ̀nyẹn, mi ò rò pé wọ́n béèrè bóyá obìnrin yẹ ní ipò náà.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹnu ayé kì í sinmi. Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá Ever Given há sínú ipa omi Suez ní Íjíbítì ní oṣù kẹta 2021, wọ́n gbé ìròyìn èké kiri pé Marwa Elselehdar ló fà á, obìnrin Íjíbítì àkọ́kọ́ tó di kápútẹ́nì. Alẹkisáńdíríà ló wà lọ́jọ́ náà, lórí ọkọ̀ míì pátápátá! Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rù nítorí ọmọ yín, irú ẹnu bẹ́ẹ̀ tọ́ sí ìbẹ̀rù ju ìgbì lọ.

Ohun tó yẹ kó máa lé oorun lójú yín gan-an ni ohun tí gbogbo ará Oron ń pè ní sea time, ìyẹn àkókò tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fi ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ gan-an. Ọmọ lè jókòó ní kíláàsì títí, kó gbowé ẹ̀rí, kó má sì tíì di nǹkan kan lórí ọkọ̀. Òfin àgbáyé tí wọ́n ń pè ní STCW ní kí kádẹ́ẹ̀tì, ìyẹn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ ìtukọ̀, lo oṣù 12 ó kéré tán lójú omi lábẹ́ ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí, kó máa kọ iṣẹ́ tó ṣe sínú ìwé, kí ọ̀gá sì máa buwọ́ lù ú, kó tó lè gbàwé àṣẹ. Bí kò bá sí lábẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀, oṣù 36 ni.

Ta ni yóò fún un ní ọkọ̀? Nígbà tí Nàìjíríà ṣì ní Nigerian National Shipping Line tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1959, ọ̀dọ̀ wọn ni kádẹ́ẹ̀tì ń lọ. Wọ́n ti ilé-iṣẹ́ náà pa ní 1995. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ ti ń bẹ àwọn olówó ọkọ̀ ní Èkó, Warri àti Port Harcourt. NIMASA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 2008 tó ń rán ọmọ lọ kàwé lókè òkun. Púpọ̀ nínú wọn padà dé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, wọn ò rọ́kọ̀ wọ̀. Ti ọmọbìnrin tún le. Mo fetí ara mi gbọ́ ọ ní Àpápá tí ẹnì kan ní òun ò ní yàrá tí òun máa fún obìnrin.

Ibẹ̀ sì ni àwọn gbájúẹ̀ ń dúró sí. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ mú owó wá kí òun fi ọmọ yín sínú ọkọ̀, ẹ lé e jáde. Òfin àgbáyé fún àwọn òṣìṣẹ́ òkun ti 2006 ní aṣojú tó ń wá iṣẹ́ kò gbọdọ̀ gbowó iṣẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Owó àyẹ̀wò ara, ìwé òṣìṣẹ́ òkun àti páásípọ́ọ̀tù nìkan ló lè kàn án.

Ọ̀rọ̀ ìwà àwọn ọkùnrin inú ọkọ̀, mi ò ní purọ́ fún yín. Ó wà. Láti oṣù kìíní 2026 ni wọ́n ti fi ẹ̀kọ́ dídènà ìfìtínà àti ìfipá-bánilò sínú ìdálẹ́kọ̀ọ́ tó pọn dandan fún gbogbo òṣìṣẹ́ ọkọ̀, èyí tó fi hàn pé wọ́n mọ̀ pé ó wà. Kí ọmọ yín mọ nọ́ńbà ẹni tó máa pè ní ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ náà kó tó gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀.

Ti ọ̀rọ̀ ọkọ fífẹ́ tí ẹ sọ, ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe WAEC, ẹ jọ̀ọ́. Tó bá fẹ́ bímọ kó fìdí mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ lójú omi ni wọ́n ń wá láti máa yẹ ọkọ̀ wò, láti ṣiṣẹ́ ní èbúté àti ní ilé-iṣẹ́ adójútòfò ọkọ̀.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ mú un lọ yẹ ojú wò ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà. Lóru, iná pupa ni ọkọ̀ ń tàn sí òsì, aláwọ̀ ewé sí ọ̀tún; ẹni tí kò dá àwọ̀ méjèèjì mọ̀ kò lè tukọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin fúnra yín béèrè lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà, lójúkojú: kádẹ́ẹ̀tì tó jáde kẹ́yìn, ọkọ̀ wo ni wọ́n wọ̀? Ohùn yín tí ẹ fi ń lé ọmọ jáde yẹn, ibẹ̀ ló ti wúlò.

Mò ń bọ̀ ní Sátidé lẹ́yìn ọjà. Ẹ má bá ìpàdé kankan lọ.

Àbúrò yín,
Ìtòkú, Abẹ́òkúta