Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ Lórí Ìtọ́jú Tí Mo Ń Gbà

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ìwọ àti bàbá àwọn ọmọ. Àárò rẹ ń sọ mí, ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi sì ju èyí tí a lè sọ tán lórí fóònù lọ. Fọlákẹ́ ti bímọ, tìyá-tọmọ wà ní àlàáfíà, wọ́n sì ti gbé mi kúrò ní ẹ̀ka wa àtijọ́ níbi iṣẹ́.

O rántí ohun tí mo sọ fún ọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, pé mo máa ń wo ọwọ́ mi níbi tó ti ń kọ̀wé, yóò sì dà bíi pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni, àti pé nígbà mìíràn ojú àwọn ènìyàn mi gan-an a dà bí àwòrán lásán. Dókítà ní depersonalization àti derealization ni wọ́n ń pè wọ́n, pé nínú 100 ènìyàn, ó ń bá bí ẹnì kan tàbí méjì fínra. Ó bi mí bóyá mo gbà lóòótọ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Mo ní rárá, mo mọ̀ pé tèmi ni, bó ṣe ń ṣe mí ni mo ń sọ. Ó ní mímọ̀ tí mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ ló fi hàn pé orí mi kò dàrú. Àbẹ̀kẹ́, omi bọ́ lójú mi, nítorí ẹ̀rù tó ti ń bà mí láti ọjọ́ yìí nìyẹn.

Kò sí oògùn tí wọ́n fọwọ́ sí fún un ní pàtó, nítorí náà ọ̀rọ̀ sísọ ni a fi ń tọ́jú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní CBT, tó ń kọ́ ènìyàn láti yí èrò àti ìṣe tó ń dá kún ìṣòro rẹ̀ padà. Màmá tó ń tọ́jú mi kọ́kọ́ béèrè bí mo ṣe ń sùn àti bóyá mo ń mu igbó, torí àìsùn àti igbó wà lára ohun tó lè fà á. Ó wá ṣàlàyé pé bí ìpayà bá pọ̀ jù, ọpọlọ a máa pa ìmọ̀lára ènìyàn kú díẹ̀ láti fi dáàbò bò ó, ṣùgbọ́n bí kíkú tí ìmọ̀lára náà kú bá tún ń dẹ́rù bani, ìpayà tuntun yẹn ni kò ní jẹ́ kí ó lọ. Ó ní kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀ nígbàkígbà tó bá le, pẹ̀lú ohun tí mo ń ṣe àti èrò tó wá sí mi lọ́kàn. Inú ìwé yẹn ni a ti rí i pé ó máa ń le jù nígbà tí mo bá ń yẹ ara mi wò, tí mo dúró síwájú dígí, tí mo ń pe orúkọ ara mi láti gbọ́ bóyá ohùn mi ṣì ni. Ní báyìí, bó bá ti dé, n ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ dáadáa, n ó tẹ́tí sí ìró tó wà nítòsí, n ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ mi. Ó kọ́kọ́ bí mi nínú pé ohun tó kéré tó báyìí ni wọ́n ní kí n fi dojú kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ti wá gbà pé ó ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo máa ń lo wákàtí púpọ̀ láìrántí rẹ̀ rárá, síbẹ̀ ẹ̀rù ṣì ń bà mí lálẹ́ pé ó lè padà wá jókòó pátápátá.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ nìyí. Gbogbo ìgbà tí o bá pè mí ni o máa ń béèrè pé, "Ṣé ó ti lọ?" Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí o bá ti béèrè, ńṣe ni mo tún máa ń wá a kiri nínú ara mi, n ó sì rí i. Jọ̀wọ́, má béèrè mọ́. Bí èmi fúnra mi bá bi ọ́ bóyá ohùn mi yàtọ̀, má dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ mìíràn ni kí o mú wá. Pè mí lọ́jọ́ Sátidé, kí o sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ìwọ àti onílé yẹn já sí, torí o kò parí rẹ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Mojísọ́lá