Lẹ́tà sí Bọ́lá: Iná tó wà lábẹ́ ìlú

Kétu, ilẹ̀ Benin,
Ìparí oṣù Kejì.

Bọ́lá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Òtútù ọ̀hún ńkọ́? Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni mò ń yà sọ́dọ̀ wọn. Ara wọn le, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀. Owó tí o fi ránṣẹ́ tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, wọ́n ṣàdúrà fún ọ títí tí mo fi dìde.

Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp nígbà tí ẹ gba Pennsylvania ní Amẹ́ríkà kọjá ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. Èyí tí ọ̀nà ọ̀dà gba àárín igbó, tí àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì mẹ́ta wà létí ọ̀nà, tí kò sí ilé kankan lẹ́yìn rẹ̀. O kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Wọ́n ní ìlú wà níbí tẹ́lẹ̀." Mo wo àtẹ̀gùn yẹn títí. Ẹnìkan ti jókòó síbẹ̀ rí nírọ̀lẹ́, tó ń kí àwọn tó ń kọjá. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa ìlú náà, Centralia ni orúkọ rẹ̀, alẹ́ mẹ́fà gbáko ni mo fi kà á.

Èédú ló bí ìlú náà. Kì í ṣe èédú igi bíi tiwa, èédú inú ilẹ̀ ni, irú tí wọ́n ń pè ní anthracite, tó le bí òkúta tó sì ń dán. Ọdún 1866 ni wọ́n kà á kún ìlú lábẹ́ òfin. Nígbà tí wọ́n ka àwọn ènìyàn ibẹ̀ ní 1890, wọ́n jẹ́ 2,761. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kọ́ ilé ìwé, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọkùnrin sì ń wọ inú ilẹ̀ lọ láràárọ̀. Wọ́n gbẹ́ ẹ títí tí abẹ́ ìlú fi dà bí ilé ikán, ihò wọnú ihò. Nígbà tí epo àti gáàsì gba ọjà mọ́ èédú lọ́wọ́, iṣẹ́ ìwakùsà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò lọ. Ilé wọn ni.

Ohun tó pa ìlú náà kéré lójú. Ní oṣù Karùn-ún 1962, ọjọ́ tí Amẹ́ríkà fi ń rántí àwọn ọmọ ogun wọn tó kú ti ń sún mọ́lé. Ààtàn ìlú wà nínú kòtò kan tí wọ́n ti wa èédú rẹ̀ tán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìsìnkú. Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà ni pé wọ́n fẹ́ tún ibẹ̀ ṣe kí àlejò tó dé, ni wọ́n bá dáná sun pàǹtírí náà. Wọ́n da omi sí i lẹ́yìn náà, wọ́n rò pé ó ti kú. Ihò kan wà nínú kòtò yẹn tí wọn kò dí. Ibẹ̀ ni iná gbà wọlé bá èédú.

O rántí oko ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ́nà Ìlárá, níbi tí wọ́n ti ń sun èédú? Wọ́n á to igi jọ, wọ́n á fi koríko bò ó, wọ́n á fi erùpẹ̀ bò ó, wọ́n á wá dá ihò kéékèèké sí i lára. Àwa méjèèjì fi ẹsẹ̀ lásán dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, a ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá ibi tí ilẹ̀ ti gbóná. Lọ́jọ́ kan wọ́n rò pé ó ti tutù, wọ́n ṣí i. Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ wọlé, tí pupa bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín dúdú, kí a tó bu omi dé, gbogbo rẹ̀ ti di eérú. Bí iná ṣe ń gbé lábẹ́ erùpẹ̀ nìyẹn: afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó o. Ti Centralia, kò sẹ́ni tó lè dí gbogbo ihò tó fi ń mí.

Wọ́n gbìyànjú. Wọ́n wa ilẹ̀ kí wọ́n lè ṣáájú iná, owó tán. Wọ́n da òkúta fífọ́ àti omi sínú ihò, owó tún tán. Ibi yìí ló dùn mí jù, Bọ́lá. Ìgbà tí owó kékeré ṣì lè ràn án, kékeré náà kò pé. Iná kò sì dúró de ìpàdé ẹnikẹ́ni.

Ní 1979, ọkùnrin kan tó ń ta epo bẹntiróòlù fura pé táńkì òun gbóná. Ó so òṣùnwọ̀n ooru mọ́ okùn, ó sọ ọ́ sínú ẹ̀: ó lé ní ìwọ̀n 77 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Epo bẹntiróòlù! Ní oṣù Kejì 1981, ilẹ̀ ya lábẹ́ ọmọdékùnrin ọdún 12 kan ní ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbà rẹ̀. Gbòǹgbò igi ló dì mú kí ìbátan rẹ̀ tó fà á yọ. Ihò náà jìn tó nǹkan bí mítà 45, afẹ́fẹ́ olóró sì ń rú jáde nínú ẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba àpapọ̀ wá yọ mílíọ̀nù 42 dọ́là sílẹ̀ ní 1984, kí wọ́n fi ra ilé àwọn ènìyàn kí wọ́n lè kó lọ. Ìlú pín sí méjì. Àwọn kan ní kí a lọ kó tó pa wá, àwọn kan ní a kò lọ, aládùúgbò kò kí aládùúgbò mọ́. Ẹni tó lé ní 1,000 ní 1980 di 63 ní 1990. Ní 2002, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ gba nọ́ńbà àdírẹ́sì wọn kúrò. Àwọn díẹ̀ tó kọ̀ jálẹ̀ bá ìjọba ṣẹjọ́ títí di 2013, kí wọ́n tó gbà fún wọn láti kú sínú ilé wọn. Nígbà ìkànìyàn 2020, márùn-ún ni wọ́n kù.

Kétu náà ti di ahoro rí. Ní 1886 ogun Dàhòmì kó ìlú wa, wọ́n jó o, wọ́n kó àwọn tí wọn kò pa lọ sí Abọmé, olú ìlú Dàhòmì. Ó tó nǹkan bí ọdún méje tí ilẹ̀ yìí fi wà lófìfo. Nígbà tí Faransé ti ṣẹ́gun Dàhòmì ni àwọn ará Kétu padà wálé. Ìyá tó bí ìyá bàbá mi wà lára wọn, pípọ̀n ni wọ́n pọ̀n ọ́n gba Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè ìlú wa, wọlé. Ogun lọ, ilẹ̀ kò lọ, wọ́n rí ibi tún ààrò gbé kalẹ̀. Ìwọ náà gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà pé nígbà tí a tẹ Kétu dó, ọ̀dọ̀ Ìyá Panku, ìyá àgbà kan tí a bá níbẹ̀, ni a ti lọ bu iná àkọ́kọ́. Mo ń ronú nípa àwọn ará Centralia: ilẹ̀ gan-an ló ń jó. Kí ni wọ́n fẹ́ padà sí?

Ìdí mìíràn tí n kò fi sùn nìyí. Kòtò tí wọ́n ti wa ilẹ̀ pupa nígbà tí wọ́n ń ṣe ọ̀nà, lẹ́yìn ilé wa, ti di ààtàn. Láti inú ọyẹ́ ni wọ́n ti dáná sun ún, kò kú. Òwúrọ̀ kùtù, èéfín á ti bo ilé, ọmọ mi kékeré ń wú ikọ́. Mo mọ̀ pé kò sí èédú lábẹ́ tiwa, kò lè jẹ ìlú. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ bá àwọn tó yẹ kí wọ́n bójú tó o, ọ̀la ni wọ́n ń dá. Mo ti yá ṣọ́bìrì mẹ́ta. Lọ́jọ́ Sátidé, àwa ará àdúgbò fẹ́ wa ìdọ̀tí náà sóde, kí a bomi rin ín nípele nípele. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló máa ṣáájú wa, nítorí wọ́n mọ ibi tí iná ń sá pamọ́ sí.

Bí ẹ bá tún gba ọ̀nà yẹn, jọ̀ọ́, wo orí òkè. Ṣọ́ọ̀ṣì funfun kan wà níbẹ̀ tí orí rẹ̀ jẹ́ búlúù, láti 1911. Orí àpáta ló wà, kò sí èédú lábẹ́ rẹ̀, àwọn tó ti kó lọ ṣì ń padà wá jọ́sìn níbẹ̀. Ya fọ́tò ẹ̀ fún mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ràṣídì