Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì lórí bàtà iṣẹ́

Leeds, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ìparí oṣù Kẹjọ

Ìyá Ìbejì mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo ilé? Táyé àti Kẹ́hìndé ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́, ṣé ara wọn ti le dáadáa? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, inú mi sì dùn gan-an. O kú oríire iṣẹ́ tuntun. Láti ìgbà tí a ti wà ní Special, kọ́lẹ́jì àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe l'Ọ́yọ̀ọ́, ni mo ti mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tó nílò ẹ̀kọ́ àkànṣe ni wàá padà sí.

O ní kí n bá ọ ra bàtà tí wàá fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: dúdú, aláwọ, tó ní gìgísẹ̀ díẹ̀, kí o lè wuyì lójú ọ̀gá àgbà. Màá rà á. Gìgísẹ̀ yẹn nìkan ni n kò fara mọ́, mo sì fẹ́ kí ìdí rẹ̀ yé ọ. Lẹ́nu iṣẹ́ tiwa yìí, àwọn ọmọ àti ilẹ̀ tí ẹ jọ ń tẹ̀ ló ń yan bàtà fún olùkọ́. Wò wọ́n dáadáa kí o tó wo àwọ̀ àti awọ.

Kọ́kọ́ ronú nípa ìró. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì tí mo wà báyìí, ó ní ọ́tísíìmù. Kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìró tí etí rẹ̀ kì í gbé. Ìyá kan láti ọ́fíìsì ìjọba wá bẹ̀ wá wò lọ́jọ́ kan, bàtà wọn ń dún kò, kò, kò bọ̀ láti ìpẹ̀kun kọ́rídọ̀. Kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà, ọmọ yìí ti fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ó ti wọ abẹ́ tábìlì, ó ń mì síwá sẹ́yìn. Kò tún ṣe nǹkan kan títí a fi jẹun ọ̀sán. Ìyá náà kò mọ̀ rárá pé bàtà àwọn ni. Irú rọ́bà kan tún wà tó máa ń ké wìì-wìì lórí ilẹ̀ dídán, ìyẹn kò dára ju gìgísẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí o bá ń ra bàtà fúnra rẹ, wọ̀ ọ́, rìn ín nínú ṣọ́ọ̀bù, kí o sì fetí sí i.

Àwọn kan tún wà nínú àwọn ọmọ wa tó jẹ́ pé bí ilẹ̀kùn bá ṣí báyìí, wọ́n ti dé géètì. O sọ pé ẹ̀gbẹ́ títì ni ilé-ìwé yín wà, níbi tí ọ̀kadà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bàtà tí o kò bá lè fi sáré lójijì, má wọ̀ ọ́ lọ síbẹ̀. Sílípáàsì àti sáńdà tí kò ní ìdè lẹ́yìn ni mo ń bá wí jù, nítorí pé àwa kì í rìn síwájú nìkan. Bí o bá ń kọ́ ọmọ ní ìrìn, wàá di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, wàá kọjú sí i, wàá sì máa fi ẹ̀yìn rìn. Ibẹ̀ gan-an ni sílípáàsì ti ń bọ́ lẹ́sẹ̀. Bí ìwọ bá ṣubú, ìwọ àti ọmọ lẹ jọ ṣubú.

Okùn bàtà náà, ṣọ́ra fún un. Ọmọ tó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, okùn bàtà rẹ ni ọwọ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ bá. Á tú u, á sì fi sẹ́nu. Èyí tó ń lẹ̀ mọ́ra dára, àfi pé àwọn ọmọ mìíràn fẹ́ràn àtimáa fà á ya, kó máa dún fàrà. Okùn onírọ́bà tí kò nílò dídì ni mo fẹ́ràn jù. A sì máa ń bọ́ bàtà kí a tó gun fóòmù tí wọ́n tẹ́ fún eré ìmárale, ó yẹ kó rọrùn láti bọ́, kó rọrùn láti wọ̀ padà.

Èyí tí n kò mọ̀ kí n tó débí ni mo rí lára obìnrin tó ń ṣe fisiotẹ́rápì fún àwọn ọmọ wa. Bí ó bá fẹ́ gbé ọmọ tó ní cerebral palsy (ìṣòro ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè darí ara rẹ̀ dáadáa) dìde lórí wíìlíṣíà, á fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ dènà ẹsẹ̀ ọmọ kó má baà yọ̀, á fi orúnkún ti orúnkún ọmọ, lẹ́yìn náà ni á yí. Nígbà tó bá ń yí, ẹsẹ̀ kan ló ń gba gbogbo ẹrù. Ó sọ fún mi pé kánfáàsì olówó ńlá tó ní fóòmù gíga, èyí tí àwọn tó ń sáré ń wọ̀, kò dára fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń sáré, iwájú ló ń lọ. Ẹni tó gbé ọmọ tó sì ń yí, ẹ̀gbẹ́ ni ẹrù ń fà á sí, fóòmù rírọ̀ á sì jẹ́ kí ọrùn ẹsẹ̀ yẹ̀. Ìsàlẹ̀ tó fẹ̀ tó tẹ́jú ni kí o wá, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lọ. Kí iwájú rẹ̀ bo ọmọ ìka ẹsẹ̀ pátápátá, nítorí táyà wíìlíṣíà àti irin tí àwọn ọmọ mìíràn ń wọ̀ sí ẹsẹ̀ kì í mọ ìka ẹnikẹ́ni.

Ilẹ̀ wá ńkọ́? Itọ́, omi tí wọ́n fi ń ṣeré, páḿpásì tó jò, pẹ̀lú háípò àti ọṣẹ tí wọ́n fi nu gbogbo rẹ̀ láìtíì gbẹ. Rọ́bà rírọ̀ tó ní ojú ọ̀nà wẹ́wẹ́ tí omi lè gbà sá lọ ni kí o tẹ̀ lórí táìsì. Níbí, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò lẹ́nu iṣẹ́, HSE, ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní GRIP: wọ́n ń dán bàtà wò, wọ́n ń fún un ní ìràwọ̀ láti 1 dé 5, bí kò ṣe ń yọ̀ sí. Àmì SRC tún wà tó túmọ̀ sí pé wọ́n ti dán an wò lórí táìsì olómi ọṣẹ àti lórí irin tí wọ́n da gílísérínì sí. Láti 2022, SR ni àmì tuntun tí wọ́n ń lò. O lè bá SRC pàdé nínú òkìríkà pàápàá. Ṣùgbọ́n bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ti jẹ tán, àmì náà kò wúlò mọ́. Crocs oníhò náà, mo mọ̀ pé o fẹ́ràn rẹ̀, ohunkóhun tó bá kán á gba ihò wọlé.

Ní ti òkìríkà, n kò ní sọ pé kí o má rà á, mo mọ bí ọjà ṣe rí. Tẹ fóòmù ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú èékánná. Fóòmù polyurethane, irú èyí tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pọ̀ bàtà, tó ti pẹ́ nípamọ́ máa ń jẹrà látinú, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń bà á jẹ́, ẹnikẹ́ni ì báà má tíì wọ̀ ọ́ rí. Lójú, tuntun ni. O wọ̀ ọ́ dé ibi iṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rún bí búrẹ́dì gbígbẹ. Tẹ ẹ̀yìn gìgísẹ̀, kó má wọlé. Ká iwájú rẹ̀, ibi ọmọ ìka nìkan ni kó ti ká, kó má ká láàárín. Bí apá kan gìgísẹ̀ bá jẹ ju èkejì lọ, dá a padà, bí ẹni àkọ́kọ́ ṣe ń rìn ló wà níbẹ̀ yẹn, á sì máa ti ẹsẹ̀ tìrẹ náà síbẹ̀.

Nípa ọ̀gá yín, bá wọn sọ̀rọ̀ kí o tó wọṣẹ́. Bàtà dúdú aláwọ tó tẹ́jú tó sì bójú mu pọ̀, wọn ò ní rí ohun tí wọ́n máa bá ọ wí. Bí o bá sì ti ń jí láàárọ̀ tí ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ ń dùn ọ́ lábẹ́ gìgísẹ̀, má fi róòbù pa á mọ́lẹ̀, lọ rí àwọn onífisiotẹ́rápì ní UCH.

Ó ku ìwọ̀n. O ń wọ 39, níbí ó sún mọ́ 6, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ fẹ̀ níwájú láti kékeré, nọ́ńbà nìkan kò tó. Bàtà obìnrin ní Clarks, D ni ìwọ̀n tó wọ́pọ̀, E fẹ̀ jù ú, EE tún fẹ̀ ju ìyẹn lọ. Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti wú díẹ̀, wọ ìbọ̀sẹ̀, dìde dúró lórí ìwé, kí Kẹ́hìndé fi bírò yí ẹsẹ̀ méjèèjì ká. Má bẹ̀rẹ̀ yà á fúnra rẹ, ẹsẹ̀ á yí padà. Èyí tó bá tóbi jù nínú méjèèjì ni màá fi rà á, màá sì fi àyè sẹ̀ǹtímítà kan sílẹ̀ níwájú.

Àbúrò ọkọ mi ń bọ̀ wálé ní oṣù Kẹwàá, òun ni màá fi rán. Fi àwòrán ẹsẹ̀ náà ránṣẹ́ kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ya fọ́tò ilẹ̀ kíláàsì yín mọ́ ọn, kí n lè mọ̀ bóyá táìsì dídán ni tàbí sìmẹ́ńtì.

Bá mi kí Bàbá Ìbejì àti gbogbo ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ìyá Tóbi