Ohùn ta ni lábẹ́ agbòjò yẹn?

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ojú ewé fàájì yín ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá yin Pyaar Hua Ikraar Hua, orin ìfẹ́ inú Shree 420, fíìmù Íńdíà tó jáde ní 1955. Inú mi dùn sí i, àfi ìgbà tí mo dé ibi tí akọ̀ròyìn yín ti ní ohùn Raj Kapoor àti ti Nargis, àwọn òṣèré rẹ̀, bára mu. Ohùn wo? Ẹnu lásán làwọn méjèèjì ń là! Lata Mangeshkar ló kọ ti obìnrin, Manna Dey ló kọ ti ọkùnrin. Shailendra ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, Shankar àti Jaikishan ló sì ṣe ohùn orin.

Èmi ni mò ń yí fíìmù nílé sinimá kan n'Íbàdàn láyé ìgbà tí fíìmù Íńdíà ń kún ilé fọ́fọ́. Èrò ò gbọ́ Hindi, síbẹ̀ wọ́n á máa bá wọn dárin. Orúkọ àwọn olórin máa ń wà níbẹ̀rẹ̀ fíìmù, ṣùgbọ́n àsìkò yẹn gan-an ni kálukú ń wá àga, tí wọ́n ń du gúgúrú àti ẹ̀pà. Ta ló máa kà á?

Mi ò sọ pé àwọn òṣèré ò ṣe bẹbẹ o. Òjò ń rọ̀ ní Bombay, agbòjò ẹyọ kan ni wọ́n ní, Raj ń tì í sọ́dọ̀ Vidya, ìyẹn Nargis nínú fíìmù, Vidya ń dá a padà, títí àwọn méjèèjì fi bọ́ sábẹ́ ẹ̀. Nígbà tí orin dé ibi tó ní èmi kò ní sí, ìwọ kò ní sí, ṣùgbọ́n àmì wa yóò wà, àwọn ọmọ kékeré mẹ́ta wọ ẹ̀wù òjò kọjá. Ọmọ Raj Kapoor fúnra rẹ̀ ni wọ́n: Randhir, Ritu àti Rishi. Rishi sọ lẹ́yìn tó dàgbà pé ṣokoléètì ni Nargis fi tu òun nínú kóun má baà sunkún.

Ṣùgbọ́n ẹ pa ojú dé, kí ẹ kàn gbọ́ Manna Dey. Mukesh ni gbogbo ayé mọ̀ sí ohùn Raj Kapoor, òun náà ló kọ Mera Joota Hai Japani, orin bàtà Japan, nínú fíìmù yìí kan náà. Manna Dey kọ́ orin ìbílẹ̀ wọn lọ́dọ̀ K. C. Dey, àbúrò bàbá rẹ̀ tí ojú rẹ̀ fọ́, kò sì fi ẹ̀kọ́ yẹn ṣe fáàrí rárá. Ó rọra ń sọ̀rọ̀ ni, bí ẹni tí ẹ̀rù ìfẹ́ ń bà.

Ìyà àìdárúkọ yìí ti pẹ́. Nígbà tí Lata kọrin fún fíìmù Mahal ní 1949, Kamini, orúkọ obìnrin inú ìtàn, ni wọ́n tẹ̀ sára àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Ní 1957, Shankar àti Jaikishan gba Filmfare, àmì-ẹ̀yẹ fíìmù Íńdíà, nítorí orin fíìmù Chori Chori, wọ́n ní kí Lata wá kọ ọ̀kan níbi ayẹyẹ. Ó kọ̀ jálẹ̀: ẹ ò ní ẹ̀bùn kankan fún akọrin, kí lẹ fẹ́ kí n wá kọrin fún? Ó di 1959 kí wọ́n tó dá ẹ̀bùn akọrin sílẹ̀, òun ló sì kọ́kọ́ gbà á.

Fíìmù kì í ṣe eégún. Kò sí èèwọ̀ nínú kí á dárúkọ ẹni tó ń fọhùn.

Manna Dey ti kú láti 2013, Lata tẹ̀ lé e ní 2022, wọn ò lè kọ lẹ́tà sí yín. Ni mo ṣe ń bẹ̀ yín, ẹ tẹ orúkọ márààrún yìí sójú ewé yẹn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí àyè bá há, ẹ yọ ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò Nargis. Mẹ́ta lẹ lò.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Onísinimá,
Òkè-Àdó, Ìbàdàn.