Ẹ̀yin Ọmọ Tó Ń Ya Ilé Bali, Níbo Lẹ Fi Òkè Sí?

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwòrán agbo ilé Bali, erékùṣù kan ní Indonesia, tí ọ̀kan nínú yín gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mò ń bá wí. Ó wu ojú, ẹ sì ń yìn ín. Ṣùgbọ́n ó ní Singaraja, ìlú kan níbẹ̀, lòun yà á fún, ó sì gbé ojúbọ ìdílé sí igun àríwá òun ìlà oòrùn. Àbí òkun ni wọ́n ń bọ níbẹ̀ ni?

Ọmọ Bali kì í fi àríwá àti gúúsù kọ́lé. Kaja ni ìhà òkè, àwọn òkè àárín erékùṣù tí Gunung Agung, tó ga ju mítà 3,000 lọ, jẹ́ olórí wọn. Kelod ni ìhà òkun. Kangin ni ìlà oòrùn, kauh ni ìwọ̀ rẹ̀. Ní Gianyar àti Denpasar, ní gúúsù erékùṣù náà, kaja bọ́ sí àríwá. Singaraja wà lẹ́yìn òkè, létí òkun àríwá: gúúsù ni kaja tiwọn. Igun kaja òun kangin ni sanggah, ojúbọ ìdílé, ń gbé. Ilé ìdáná, paon, á wà ní ìhà kelod. Ẹlẹ́dẹ̀ àti ààtàn, ìsàlẹ̀ pátápátá. Bí èèyàn ni ilé ṣe rí lójú wọn, ó ní orí, ó ní ara, ó ní ẹsẹ̀. Ọmọ yìí ti gbé ààtàn lé ilé lórí.

Mo tún rí i pé mítà lẹ fi wọn agbo ilé náà, 12 sí 15. Ara ta ni ẹ fi wọ̀n ọ́n? Undagi, àgbà ọ̀mọ̀lé wọn, á ní kí baálé na apá méjèèjì, láti ṣóńṣó ìka dé ṣóńṣó ìka: depa nìyẹn. Á fi ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kan kún un, á fi ìkúùkù tó na àtàǹpàkò sókè parí rẹ̀, á wá gé ọ̀pá kan ṣe déédéé rẹ̀. Ọ̀pá yẹn ló ń wọn ògiri. Láti ilé dé ilé, gígùn ẹsẹ̀ baálé ni wọ́n ń kà, wọ́n á sì fi fífẹ̀ ẹsẹ̀ kan lé e. Èyí ni urip, ẹ̀mí ilé. Ẹ yọ ọ́ kúrò kí nọ́ńbà lè gún, òkú ilé lẹ kọ́.

Àti òpó! Ta ló sọ fún yín pé ọ̀ṣọ́ ni? Bí igi ṣe hù ni yóò ṣe dúró, ìdí nísàlẹ̀, orí lókè. Tí wọ́n bá ti fá a tán, ojú ò dá ìdí mọ̀ mọ́. Ẹ fi èédú sàmì sí i kí ẹ tó là á. Orí òkúta ló ń dúró, kì í wọlẹ̀, kí ọ̀rinrin má bàa jẹ ẹ́. Kí ló wá ń dì í mú? Ibùsùn ni. Nínú bale, ilé kékeré inú agbo ilé, tó bá jẹ́ olópó mẹ́fà, igi ìdábùú tí wọ́n ń pè ní sunduk gba inú òpó kọjá lábẹ́ ibùsùn, wọ́n á sì gbá igi pẹlẹbẹ, lait, há ojú ihò náà pinpin. Kò sí ìṣó. Bí ilẹ̀ bá mì, oríkèé á fì, kò ní ṣẹ́. Ẹ̀yin yọ ibùsùn kúrò kí àga lè wọlé, òpó ń mì, ẹ wá ń kan ìṣó!

Orùlé koríko tó tẹ́ pẹrẹsẹ ńkọ́? Omi á dúró lórí rẹ̀, á jẹrà. Ẹ ò sì ya aling-aling, ògiri kékeré tó dojú kọ ẹnu ọ̀nà tí kì í jẹ́ kí ẹbọra, tó mọ ọ̀nà tààrà nìkan, wọlé. Natah, àgbàlá àárín, òfìfo ló yẹ kó wà. Ẹ ti gbẹ́ adágún ìlúwẹ̀ síbẹ̀.

Ilé ò sì gbọdọ̀ ga ju igi àgbọn lọ. Mítà 15 lòfin sọ ọ́ di, lẹ́yìn tí hótẹ́ẹ̀lì alájà mẹ́wàá ti yọrí ní Sanur, létí òkun Bali, ní 1966.

Ìwọ ti Singaraja, òkè náà ni mo ṣì ń bi ọ́. Má kàn yí bébà po o, torí oòrùn kò yí. Kangin á bọ́ sí kauh. Dojú bébà dé láti òkè sí ìsàlẹ̀, kí o yà á láti ẹ̀yìn.

Bàbá yín nínú iṣẹ́