Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ ní Ifẹ̀

Iléṣà,
Ọjọ́ Àìkú.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Mo pè ọ́ títí, o ò gbé e. Ìyá Oníbúrẹ́dì ló ní òun rí ọ ní Lágéré, ìwọ àti ọmọkùnrin kan lábẹ́ agbòòrùn kan ṣoṣo. Òjò ò rọ̀, oòrùn ò ràn. Ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́. Èmi ò rí ẹ̀rín rín.

Ìwọ tó o ní o ò ní fẹ́ ọkùnrin láyé! Alẹ́ ọjọ́ tá a sin ẹ̀gbọ́n rẹ lo búra, pé o ò ní bímọ tí fòníkú-fọ̀ladìde á máa dá lóró. Èmi náà ṣe àmín. Ìyá wo ló ń ṣe àmín sí irú ọ̀rọ̀ yẹn? Jọ̀ọ́, gbàgbé àmín mi. Bí ọmọ ọlọ́mọ bá wù ọ́, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni jẹ́nótáìpù rẹ̀?

Bàbá rẹ ń kí ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀. Iṣu ti gbówó lórí ní ọjà Àtàkúnmọ́sà, iyán wa ti di ti ọjọ́ Àìkú nìkan.

AS ni ọ́, o mọ̀. Bó bá jẹ́ AA, mi ò ní í yọ yín lẹ́nu mọ́. Bó bá jẹ́ AS, gbogbo oyún tẹ́ ẹ bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni kó jẹ́ SS, fòníkú-fọ̀ladìde gan-an nìyẹn. Má rò pé bí àkọ́bí bá ti mú un, àwọn tó kù bọ́. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ewu tirẹ̀. AC náà ò dáa fún ọ. Má gba tẹnu rẹ̀ gbọ́ o! Ẹ jọ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kẹ́ ẹ tún un yẹ̀ wò níbòmíràn.

Nọ́ọ̀sì kan kìlọ̀ fún èmi àti bàbá rẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní a ti gbàdúrà sí i. Ìfẹ́ ń pa mí bí ọtí nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló san án. “Màámi, ẹ tún aṣọ yẹn rẹ,” màá tún ti ìnura bọ omi gbígbóná, ọwọ́ mi á bó, orúnkún rẹ̀ ò ní yéé ro ó.

Olórí kunkun, o wá ń dákẹ́ sí mi. Àbẹ̀kẹ́ mi, kí ni jẹ́nótáìpù rẹ̀? Ọmọ òṣómàáló ni mí: bí n ò bá gbọ́ èsì, òṣó ni màá ló sẹ́nu ọ̀nà yàrá yín ní Mọrèmi, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yín ní yunifásítì. Ọkọ̀ Ifẹ̀ ò wọ́n ní Iléṣà.

Mo fi gààrí rán Ìyá Oníbúrẹ́dì. Tètè lọ gbà á, kó tó fi mumi tán.

Èmi ni,
Màmá rẹ.